Exposure kámẹ́rà kì í ṣe ìṣípayá o

Níbi tá a ti ń wá orúkọ Yorùbá fún àwọn ọ̀rọ̀ kámẹ́rà, ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká máa pe exposure ní "ìṣípayá", ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Àṣírí la máa ń ṣí payá. Bí ìmọ́lẹ̀ tó wọ kámẹ́rà ṣe pọ̀ tó làwa ń sọ. Ẹlòmíì mú "ìgbamọ́lẹ̀" wá, ìyẹn sún mọ́ ọn, àmọ́ ẹni tó gba nǹkan ti gbà á náà nìyẹn, kò sọ bóyá ó tó àbí ó pọ̀ jù.

"Ìmumọ́lẹ̀" lèmi fẹ́. Ṣebí gààrí máa ń mu omi, aṣọ máa ń mu aró, bí kámẹ́rà náà ṣe ń mu ìmọ́lẹ̀ nìyẹn, ẹ sì lè lò ó nínú ọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́: "àwòrán yìí ò mumọ́lẹ̀ tó", "ó ti mumọ́lẹ̀ yó". (Ẹni tó bá ní wọ́n á kà á sí "mú mọ́lẹ̀", ẹ jẹ́ ká máa fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀.)

Yíyó yẹn gan-an ló ká mi lára. Mo ya fídíò mọ̀mí-n-mọ̀ọ́ kan n'Íbàdàn, bàbá ìyàwó wọ agbádá funfun, wọ́n jókòó sétí kánópì, oòrùn ń ta sí agbádá, ojú wọn wà níbòji, mo bá ṣí iris, ihò inú lẹ́ńsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, títí ojú fi hàn dáadáa. Ìgbà tí mo délé, agbádá ti funfun báláú, gbogbo iṣẹ́ ọnà ọrùn ẹ̀ ti lọ, kò sì sí bí mo ṣe lè fà á padà torí ibi tó bá ti mumọ́lẹ̀ yó, kámẹ́rà dígítà ò tọ́jú nǹkan kan síbẹ̀. Ibi tó ṣókùnkùn, èèyàn ṣì lè gbé e sókè díẹ̀, bó tiẹ̀ máa rí bíi pé wọ́n da yanrìn sí i. Agbádá ló yẹ kí n kọ́kọ́ wò: kí n tan zebra, àwọn ìlà tí kámẹ́rà máa ń fà sójú ibi tó bá ti mọ́lẹ̀ jù, sí 100, kí n dín iris kù tàbí kí n fi ND, gíláàsì dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, sẹ́nu lẹ́ńsì títí ìlà yẹn á fi kúrò lára aṣọ, kí n fi shutter, ìyẹn bí férémù kọ̀ọ̀kan ṣe ń pẹ́ gba ìmọ́lẹ̀ tó, sílẹ̀ ní 1/50 ìṣẹ́jú àáyá torí férémù 25 ni mò ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí n wá fi pátákó funfun ta ìmọ́lẹ̀ sójú bàbá.

Stop ńkọ́, ìwọ̀n tá a fi ń ka bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ sí i tàbí dín kù? "Ìdúró" kọ́ o, nǹkan kan ò dúró ńbẹ̀. "Ìlọ́po" ni, torí tá a bá gbé ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ tó ti mu sókè tó, láti 400 sí 800, àwòrán ti mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ND 0.9 sì ń gé ìmọ́lẹ̀ sí méjì lẹ́ẹ̀mẹta, ìdá kan nínú mẹ́jọ ló máa kù.

Ó wá ku contrast, ìyẹn bí ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn ṣe yàtọ̀ síra tó. "Ìtakora" tẹ́nìkan dá lábàá ò tẹ́ mi lọ́rùn, agbádá yẹn àti ojú bàbá ò ta ko ara wọn, ńṣe ni ìmọ́lẹ̀ wọn jìnnà síra.