Ọmọ Òkè-Ògùn tó wà l'Ékòó: ṣé kí n kó ìyàwó àtàwọn ọmọ padà sí Ìsẹ́yìn?

Ọmọ_Ẹbẹdí:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́ kí àwọn tó ti ṣe irú ẹ̀ rí dá mi lóhùn.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, Ìsàlù nílé wa wà, iṣẹ́ ló gbé mi dé Èkó, ibẹ̀ náà ni mo ti gbéyàwó tí Ọlọ́run fi ọmọ méjì ta wá lọ́rẹ. Iṣẹ́ ń lọ, mi ò lè parọ́. Ṣùgbọ́n ilé ń fà mí gan-an ni. Ẹ má rò pé ìyà ló ń jẹ mí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, kí n tó wọlé àwọn ọmọ á ti sùn, ẹni tó ń gbé lókè wa gangan mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Nílé wa, o ò lè rìn láti ẹnu ọ̀nà dé títì kóo má dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, wọ́n á kì ẹ́, wọ́n á bi ẹ́ pé bàbá ẹ ńkọ́, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ńkọ́, ìgbà wo lo dé, kí lo mú bọ̀. Àwọn kan á ní wọ́n ń tojú bọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ o, èèyàn tó bá bi ẹ́ báyẹn, ó mọ̀ pé o wà láyé.

Ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń hun òfì ni mo dàgbà sí. Wọ́n á na òwú gbọọrọ síta, wọ́n á gbé òkúta lé e ní ìpẹ̀kun kó lè le dáadáa, bí aṣọ bá ṣe ń gùn ni òkúta yẹn á máa wọ́ sún mọ́ ahunṣọ díẹ̀díẹ̀, àwa ọmọdé á jókòó máa wò ó títí. Ọmọ mi tó ti pé ọdún mẹ́jọ kò mọ ẹtù yàtọ̀ sí sányán, aṣọ pátì ló ń pe gbogbo ẹ̀. Ìyẹn dùn mí ju owó ilé tí láńlọ́ọ̀dù fi kún lọ.

Ìyàwó mi, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, kò sọ pé òun ò lọ o. Ohun tó bi mí ni pé sìkúù wo, ọsibítù wo, iṣẹ́ wo. Òótọ́ ló sì bi mí. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ti padà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé ó ṣeé ṣe àbí àárò ilé lásán ló ń ṣe mí?

Asabari1:

Ẹ kú àárò ilé o bọ̀ọ̀dá. Èmi ti padà sí Ṣakí láti Ìbàdàn, iṣẹ́ èlùbọ́ ni mò ń ṣe, mi ò kábàámọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti máa ń le fáwọn tó ń padà bọ̀. Owó ibí kì í wọlé lóṣooṣù. Iṣu tá a bẹ tá a sì bọ̀ sínú omi gbígbóná, òòrùn ló máa gbẹ ẹ́, tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ kíá ló ń gbẹ, tí òjò bá lọ ká a mọ́ta ó lè bu, kí gbogbo ẹ̀ bàjẹ́. Nítorí náà oṣù díẹ̀ la fi ń pa owó tá a máa ná fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹni tó bá sì ti mọ́ lára kí álẹ́ẹ̀tì máa wọlé ní ìparí oṣù, ọdún àkọ́kọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ẹ tọ́jú owó tẹ́ẹ máa jẹ fún ọdún kan ó kéré tán kẹ́ẹ tó kó ẹrù.

Èkejì, àwọn èèyàn tó ń kí yín yẹn náà ló máa pè yín síkòmọ, sí ìsìnkú, sí ìgbéyàwó, tí wọ́n á retí yín níbẹ̀, tí wọ́n á sì retí ọwọ́ yín náà. Àwọn tó ń gbélé ò rí i bí ìnira, gbèsè tá à ń san fúnra wa ni. Tí tèmi náà bá dé, wọ́n ń kún ilé mi. Ẹni tó bá fẹ́ ìkíni láìfẹ́ èyí, kó dúró sí Èkó.

Adùnní_Olófì:

Káàbọ̀ o ọmọ ilé. Ìsẹ́yìn ni mo wà, òfì ni mò ń hun. Mo fẹ́ kẹ́ẹ mọ̀ pé Ìsẹ́yìn tẹ́ẹ fi sílẹ̀ kọ́ lẹ máa bá. Láyé ìyá mi ọkùnrin ló ń jókòó sídìí òfì olókùn yìí, ní báyìí àwa obìnrin pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó ti jáde yunifásítì náà wà níbẹ̀. Orí WhatsApp ni kọsítọ́mà ti ń fi àwọ̀ ránṣẹ́, wọ́n ń bèèrè láti Lọ́ńdọ̀nù, láti Houston, a ó hun ún, a ó fi ránṣẹ́. Òwú sányán gidi tí wọ́n ń fà lára kòkòrò inú igbó ti ṣọ̀wọ́n, òwú ọjà ló pọ̀ lọ́wọ́ wa, ẹlòmíì fẹ́ kó máa dán yinrinyinrin a sì ń ṣe é. Àwọn kan ń bínú sí i pé a ti ba àṣà jẹ́. Èmi ò gbà. Iṣẹ́ tó bá ń bọ́ ọmọ ẹ̀ ni ọmọ ẹ̀ á máa ṣe.

Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, nǹkan bíi kìlómítà 65, ti dára sí i ju bẹ́ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lọ. LAUTECH, yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́, náà ti gbé ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ wá síbí, owó ilé sì ti ń gòkè, tẹ́ẹ bá fẹ́ rẹ́ǹtì ẹ má fi falẹ̀. Iná o, ẹ má retí púpọ̀, ẹ ra sólà.

Ará_Òkèihò:

Manchester ni mo wà, mo ti ka ọ̀rọ̀ yín látòkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ rántí pé Òkèihò wa tẹ́ẹ ń rí yìí kọ́ nibi tí ìlú wà tẹ́lẹ̀. Orí òkè la wà, lẹ́yìn rògbòdìyàn tí Ìsẹ́yìn àti Òkèihò jọ bá ìjọba òyìnbó ṣe lọ́dún 1916 la kó sọ̀kalẹ̀ wá síbi tá a wà, ọdún 1917 nìyẹn. Àwọn baba wa fi ilé sílẹ̀ sókè, síbẹ̀ Òkèihò ṣì ni wá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rò pé ẹni tí kò bá lè padà ti pàdánù. Àwọn ọmọ mi máa ń lọ lo họlidé gígùn lọ́dọ̀ ìyá mi, àgbà inú wọn ti ń sọ Yorùbá bí ọmọ tí wọ́n bí sílé, ó ń jẹ àmàlà dúdú àti gbẹ̀gìrì láìsí wàhálà.

Ìmọ̀ràn tèmi: ẹ má mú ìyàwó yín lọ wo ilé nígbà Iléyá tàbí Kérésì. Gbogbo èèyàn ló ti dé nígbà yẹn, ìlú á dùn, owó á wà níta. Ẹ mú wọn lọ nígbà òjò, lọ́jọ́ tí kò sí ọdún kankan, kí wọ́n rí ọjà ọrọọrún, kí wọ́n rí ọ̀nà tó ń yọ̀, kí wọ́n wà níbẹ̀ lálẹ́ tí ò síná. Tó bá ṣì wù wọ́n, ẹ kó ẹrù.

Ọmọ_Ẹbẹdí:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bùkún yín. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ sétí ìyàwó mi, ọ̀rọ̀ òjò yẹn ló gbà jù, ó ní ká lọ ní oṣù keje, ká lo ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò ní fiṣẹ́ sílẹ̀ kó tó dìgbà yẹn. Asabari1, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó.

Àǹtí Adùnní, iṣẹ́ aránṣọ ni ìyàwó mi ń ṣe, ó ní kí n bi yín: àwọn tó ń so òfì pọ̀ tí wọ́n sì ń fi ṣe fìlà àti agbádá, ṣé wọ́n pọ̀ nílùú báyìí àbí Ìbàdàn lẹ ṣì ń kó o lọ?

Adùnní_Olófì:

Àwọn tó ń so ó pọ̀ wà. Àwọn tó ń rán agbádá tó dúró dáadáa ò pọ̀ tó o, èmi fúnra mi ń fi tèmi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Tí ìyàwó yín bá ti dé ní oṣù keje, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá bá mi, kí wọ́n mú iṣẹ́ ọwọ́ wọn dání kí n rí i.