Ẹ má pe sókàwéè ní “agbami”

Ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká máa pe gbogbo kòtò ìdọ̀tí ẹ̀yìnkùlé ní “agbami ilé”, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ ní “gba” àti “omi” ló di “agbami”. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n agbami òkun, ṣé ó ń gba omi kó tó tún jẹ́ kó lọ ni? Kòtò méjì ló wà lẹ́yìn ilé, “septic tank” àti sókàwéè, iṣẹ́ wọn ò jọra.

Nínú èkíní, ìyẹn “septic tank”, ìgbẹ́ á rì, ọ̀rá á léfòó, omi àárín nìkan ló ń jáde lọ. Kọnkéré nísàlẹ̀, rírẹ́ lára, kó má baà jò. Yàrá méjì ni, ti àkọ́kọ́ á gba ìdá méjì nínú mẹ́ta gígùn rẹ̀. Páìpù àbájáde á rẹlẹ̀ ju ti àbáwọlé lọ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7, páìpù tó rí bíi lẹ́tà T á sì wà lẹ́nu méjèèjì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ inú omi kọjá ọ̀rá. Bíríkìlà tó bá fo T yẹn, ọ̀rá ni yóò bá omi lọ, tí yóò lọ dí ojú ilẹ̀ kòtò kejì pa. Ọ̀rọ̀ “septic” tí Donald Cameron, ẹnjiníà ìlú Exeter ní England, fi sọ kòtò yìí lórúkọ lẹ́yìn 1890, jíjẹrà ni ìtumọ̀ rẹ̀, látinú èdè Gíríìkì. Kòtò ìjẹrà ni èmi á máa pè é.

Sókàwéè ni ìkejì. Wọn kì í rẹ́ ẹ, wọn kì í da kọnkéré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àlàfo wà láàárín búlọ́ọ̀kù, òkúta fífọ́ ló kún inú rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń mu omi rẹ̀. Kòtò amomi nìyẹn! Tí ẹ bá sọ “agbami” fún bíríkìlà, yóò rẹ́ méjèèjì, omi yóò sì padà sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló ń mu. Láti Kàbà dé Ìsánlú, àpáta sún mọ́ òkè ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré sísàlẹ̀ kòtò, ẹ pọn omi kún un, kó sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún pọn òmíràn, kí ẹ wo bó ṣe ń fà. Ìgbà òjò ni kí ẹ dán an wò. Ilẹ̀ gbígbẹ ìgbà ọyẹ́ máa ń tanni. Kànga á jìnnà sí sókàwéè tó mítà 30, á sì wà lápá ibi tí ilẹ̀ ti ga jù ú lọ.

Ẹni tó ní “amomi” sún mọ́ “àmù” jù, ẹ pè é sókè: ohùn ìsàlẹ̀ méjì ló wà lórí àmù, kò sí ọ̀kan lórí amomi. Ṣáláńgá tí àwọn kan tún mú wá fún orúkọ, ọ̀rọ̀ Haúsá ni, ihò tí a kì í da omi sí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ku “amumi” tí ọ̀gá wa kan fẹ́ dípò “amomi”. Ó ní “pọn” àti “omi” ló di “pọnmi”, a kì í wí “pomi”, nítorí náà kí “mu” àti “omi” di “mumi”. Òótọ́ ni, àmọ́ “momi” ń dún lẹ́nu mi ju “mumi” lọ. Ẹ̀yin ará Ìjùmú àti Yàgbà, báwo lẹ ṣe ń pè é nílé yín?