Èmi ò fọwọ́ sí "àìsàn àtilẹ̀wá"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa ní Houston ló bèèrè ohun tí a lè máa pe ohun tí àwọn adójútòfò Amẹ́ríkà ń pè ní pre-existing condition, ìyẹn àìlera tí èèyàn ti ní kó tó gba ìwé adójútòfò ìlera, torí ìwé ìlanilọ́yẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pín ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Orúkọ mẹ́ta ló ti jáde: àìsàn àbínibí, àìsàn àtẹ̀yìnwá, àìsàn àtilẹ̀wá. Ọ̀pọ̀ yín ti gba èyí tó kẹ́yìn wọlé. Èmi ò gbà á.

Àbínibí ò yẹ kó pẹ́ lẹ́nu wa. Fòníkú-fọ̀la-dìde la lè pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí àtọ̀gbẹ bá lẹ́ni àádọ́ta ọdún ńkọ́?

Àtẹ̀yìnwá sàn díẹ̀. Létí Yorùbá, ohun àtẹ̀yìnwá ti kọjá lọ, ìyẹn sì bá apá kan ọ̀rọ̀ náà mu: nígbà kan, ẹni tí jẹjẹrẹ ọmú ti ṣe rí, tí dókítà ti ní kò sí mọ́, tó bá fẹ́ fowó ara rẹ̀ ra ìwé adójútòfò, wọ́n ṣì lè sọ fún un pé àwọn ò tà fún un. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru tí èèyàn lo oògùn rẹ̀ láàárọ̀ yìí, báwo ló ṣe jẹ́ àtẹ̀yìnwá?

Àtilẹ̀wá ló ń bí mi nínú jù. Tí a bá ní ìwà kan jẹ́ ìwà àtilẹ̀wá ẹnì kan, ohun tí à ń sọ ni pé bó ṣe rí nìyẹn, kò sóhun tí a lè ṣe sí i. Orúkọ yẹn di ẹjọ́ lé aláìsàn lórí, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Kó tó di 2014, àtọ̀gbẹ kan náà ni, lára ẹnì kan náà: tó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tó gbàwé, adójútòfò á sanwó, tó bá bẹ̀rẹ̀ lóṣù kan ṣáájú, wọ́n á ní kò kan àwọn. Ọjọ́ tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé ló pín in.

Ẹ wo HIPAA, òfin Amẹ́ríkà ti 1996 lórí ìwé adójútòfò ìlera, bó ṣe rí kó tó di 2014. Nínú ètò ìlera ibi iṣẹ́, ó ní oṣù 6 péré ni wọ́n lè wẹ̀yìn wò láti mọ àìsàn tí èèyàn ti ń tọ́jú. Tí wọ́n bá rí i, oṣù 12 ni wọ́n lè fi kọ̀ láti sanwó rẹ̀, tàbí 18 fún ẹni tó pẹ́ kó tó forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ní ìwé níbòmíràn tẹ́lẹ̀, wọ́n á yọ oṣù ìyẹn kúrò, bí àlàfo àárín méjèèjì ò bá ti tó ọjọ́ 63. Ọjọ́ ni wọ́n ń kà látòkè délẹ̀ nígbà náà.

Òfin yẹn náà ló ní kí wọ́n má ka oyún mọ́ ọn níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n aboyún tó bá lọ fúnra rẹ̀ láti ra ìwé, wọ́n máa ń kọ̀ ọ́ ni nígbà náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá ń pè é ní àìsàn, ṣé oyún náà ti di àìsàn? "Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní" la fi ń kí i lọ́dọ̀ wa, a kì í sọ pé "a gbọ́ pé ara yín ò yá".

"Tó ṣáájú ìwé" ni tèmi. Àìlera tó ṣáájú ìwé, oyún tó ṣáájú ìwé, ó bá gbogbo ẹ̀ mu. Ẹ má sọ pé ó gùn. Fòníkú-fọ̀la-dìde gùn, a sì ń pè é. Ẹ gbọ́ ọ nínú gbólóhùn: "Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2014, adójútòfò tó ń ta ìwé tó bá òfin Affordable Care Act mu kò gbọdọ̀ lé yín nítorí àìlera tó ṣáájú ìwé, kò sì gbọdọ̀ torí rẹ̀ fi kún owó yín."

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn kan ń sọ pé wọ́n ti fagi lé òfin Affordable Care Act náà, èyí tí wọ́n tún ń pè ní Obamacare. Rárá o. Ní 2017 àwọn Sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà dìbò lé ọ̀kan nínú àwọn àbá tó fẹ́ fagi lé apá kan rẹ̀ lórí, ó fìdí rẹmi pẹ̀lú 49 sí 51, Sẹ́nétọ̀ McCain ti ẹgbẹ́ Republican wà lára àwọn tó kọ̀ ọ́. Ní oṣù kẹfà 2021 ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní àwọn tó pẹjọ́ ta kò ó kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é. Ó ṣì wà. Àmọ́ kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé ìwé onígbà kúkúrú tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó kò sí lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ṣì lè bi yín ní ìbéèrè àìsàn níbẹ̀, kí wọ́n sì kọ̀ yín.

Ó ku ọ̀kan tó ń dà mí láàmú: kí la máa pè é nígbà tí adójútòfò bá gbowó oṣù yín tán, tí ẹ wá ṣàìsàn, tó wá lọ tú ìwé dókítà àtijọ́ láti rí ohun tí ẹ gbàgbé láti kọ, kó lè sọ ìwé yín di òfo? Òfin ti kà á léèwọ̀ báyìí, àfi tí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. "Ìfagilé" ò tó o fún mi. Ta ló ní orúkọ tó le jù ú lọ?