[Ìjíròrò ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà (COVID-19)] Wọ́n ti dẹ òfin kónílé-ó-gbélé: kí la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ọkọ̀ onígbòkun tó bọ́ sómi?

Atukọ̀_Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ojú omi. Wọ́n ti gbà kí àwọn ẹgbẹ́ eléré ìdárayá ìta gbangba padà sẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ èèyàn ò gbọdọ̀ sún mọ́ra, a sì gbọ́dọ̀ máa kọ orúkọ ẹni tó bá wá. Ọkọ̀ onígbòkun kékeré 14 ló wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa: 8 jẹ́ ti ẹlẹ́nìkan, 6 jẹ́ ti ẹlẹ́ni méjì. Ọkọ̀ agbẹ̀mílà kan náà wà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù rẹ̀ wà. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí ìkankan nínú wọn ti kan omi gbẹ̀yìn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ń yọ wá lẹ́nu pé ká ṣe ìdíje lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? Kí la lè fi fọ life jacket tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pín lò? Bí ọkọ̀ bá sì dojú dé ńkọ́, báwo la ṣe máa yọ ẹni náà láì sún mọ́ ọn?

Bàbá_Ẹ́ńjìnnì

Ẹ má tíì fọwọ́ kan ọkọ̀ onígbòkun kankan. Ọkọ̀ agbẹ̀mílà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí òun ò bá ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó yẹ kó kúrò létí omi.

Epo ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Bẹntiróòlù tó bá ti jókòó sínú táńkì fún bí oṣù mẹ́ta ti ń bà jẹ́ nìyẹn. Bó bá tún ní ẹ́tánọ́ọ̀lù (ọtí tí wọ́n ń pò mọ́ epo) nínú, á máa fa omi mọ́ra, omi náà á sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀ táńkì, níbi tí rọ́bà epo ti ń fà gan-an. Ẹ fà á jáde sínú ike tó mọ́ gaara, ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí i pé ó pín sí méjì, omi ti wọ̀ ọ́. Ẹ tú ìdérí kékeré tó wà nísàlẹ̀ kàbúrétọ̀, kí epo àtijọ́ ibẹ̀ ṣàn jáde, ẹ pààrọ̀ fílítà, kẹ́ ẹ tó da epo tuntun sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ máa tẹ rọ́bà tó ń ti epo lọ sẹ́ńjìnnì títí á fi le. Bó bá kọ̀ tí ò le, ó ń fa afẹ́fẹ́ níbì kan, tàbí fáàfù inú rẹ̀ ti kú.

Ẹ dẹ ìdè ìsàlẹ̀ gíà díẹ̀ kí ọ́ìlì kán síwọ̀n kékeré. Bó bá funfun, rọ́bà tó ń dí omi ti lọ, ẹ má gbé e jáde rárá.

Ẹ ti ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì bọ dúrọ́ọ̀mù omi kẹ́ ẹ tó tan án. Rọ́bà abẹ̀bẹ̀ inú póòmpù omi kì í pẹ́ jóná bí kò bá sómi, pàápàá èyí tó ti tẹ̀ sójú kan látàrí àìṣiṣẹ́. Ẹ wo ihò tí omi ti ń tọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bómi ò bá tètè jáde, ẹ pa á. Ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gún ihò náà ná, torí kòkòrò fẹ́ràn láti mọ ilé síbẹ̀. Bí ìyẹn ò bá ṣe é, ẹ pààrọ̀ abẹ̀bẹ̀.

Bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi, yẹ kó wà ní bíi 12.6 V. Èyí tó ti wà nísàlẹ̀ 12 V fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lè gba iná lójú yín kó má sì tọ́jú rẹ̀ pẹ́.

Okùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì, tí awakọ̀ ń so mọ́ ẹsẹ̀: ẹ fà á yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ojú ẹsẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kú. Àràárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa dán ìyẹn wò.

Ìdákọ̀ró

Gbogbo ohun tí Bàbá sọ ló tọ̀nà. Ní ti life jacket, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bílíìṣì kàn án. Ọṣẹ àti omi tó, ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ sá a síbi tí oòrùn ò ti ní pa á. Oòrùn àti bílíìṣì ló ń jẹ aṣọ àti okùn ìdè rẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà sí i. Èyí tẹ́ ẹ bá ní láti pín, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 72 kí ẹlòmíì tó wọ̀ ọ́. Ìdánwò tí wọ́n ṣe lọ́dún 2020 rí fáírọ́ọ̀sì Kòrónà lórí ike títí di bí ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tá a jọ ń mí ló léwu jù, nítorí náà fèrèsé ilé ẹgbẹ́ tó ṣí sílẹ̀ wúlò ju ká máa fín oògùn káàkiri.

Bílíìṣì wà fún ọwọ́ ilẹ̀kùn, tábìlì àti ilé ìyàgbẹ́. Bó bá jẹ́ 5%, mìlílítà 20 nínú omi 980 máa fún yín ní 0.1%. Ẹ pò ó lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa lò ó, ẹ má sì pa á pọ̀ mọ́ oògùn tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá, torí gáàsì olóró ló máa jáde. Bílíìṣì ò gbọdọ̀ kan wáyà òpó (wáyà tó di òpó ìgbòkun mú), á jẹ irin náà ní kékèké. Sànìtáísà sì ń mú kí gíláàsì oníke sán.

Life jacket tí gáàsì ń mú wú: ẹ tú ìgò gáàsì rẹ̀, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n kékeré, ìwọ̀n tó yẹ kó ní wà lára rẹ̀. Bó bá ti fúyẹ́, ó ti jò. Ẹ wá fi ẹnu fẹ́ jákẹ́ẹ̀tì náà, ẹni kan ṣoṣo ni kó fẹ́ ẹ, kó sùn di ọjọ́ kejì. Bó bá rọ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ohun tó ń mú kó wú fúnra rẹ̀ náà.

Lórí ọkọ̀ onígbòkun, ẹ fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ nu wáyà òpó láti òkè délẹ̀, pàápàá níbi tó ti wọnú irin nísàlẹ̀. Bó bá kọ́ aṣọ, okùn irin kan ti já nínú rẹ̀. Pípààrọ̀ ni, kò sí àtúnṣe. Ẹ ṣí àwọn yàrá afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ wò bóyá omi wà níbẹ̀, torí ọkọ̀ tí omi ti wọ ibẹ̀ lè doríkodò pátápátá bó bá dojú dé. Ọmọrí tó dí ihò ìdí ọkọ̀ ńkọ́? Rọ́bà rẹ̀ ti lè gan. Ìkọ́ tó di ìtọ́kọ̀ mú náà ò gbọdọ̀ sọnù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtọ́kọ̀ á yọ, á sì rì.

Onífèrè

Ìdíje lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Rárá o. Àtẹ́lẹwọ́ gbogbo èèyàn ti rọ̀, ẹ̀yìn wọn ò sì lágbára mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹlẹ́nìkan nìkan ni kó jáde, bí afẹ́fẹ́ bá sì ju knot 12 lọ (knot ni òṣùwọ̀n eré afẹ́fẹ́), ẹ ti omi pa, kẹ́nikẹ́ni má jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹlẹ́ni méjì di ti àwọn tó jọ ń gbé ilé kan náà. Ẹ pín àkókò ìbọ́sómi ní ìṣẹ́jú 15, torí etí omi ni èrò ti ń pọ̀, kì í ṣe ojú omi.

Bí ìdíje bá dé, àmì ìbẹ̀rẹ̀ ò yí padà: ó ku ìṣẹ́jú 5, ó ku 4, ó ku 1, ó di. Ẹ kàn jẹ́ kí ìlà ìbẹ̀rẹ̀ gùn sí i, kẹ́ ẹ sì kọ ipa ọ̀nà sára pátákó níta dípò kẹ́ ẹ kó àwọn èèyàn jọ sí yàrá.

Atukọ̀_Tuntun

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín o. Ó ku ti ọkọ̀ tó dojú dé.

Adóòlà_Etíkun

Ẹ jẹ́ kí ẹni náà kọ́kọ́ gbìyànjú fúnra rẹ̀. Ẹ dúró ní bíi mítà 10, ẹ sì máa ka orí. Bí kò bá lè gbé e dìde, ẹ má lọ síbi tó wà, ṣóńṣó òpó ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ dì í mú, ẹ rọra gbé e sókè láti ibẹ̀ kí òun náà máa tẹ pátákó ìsàlẹ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Gígùn òpó á wà láàárín yín, ọkọ̀ ò sì ní doríkodò. Ẹni tó ti rẹ̀, ẹ ju okùn sí i. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ tó fà á mọ́ra.

Bí ọ̀ràn bá di ti ẹ̀mí, jíjìnnà síra ẹni ti parí nìyẹn. Ẹ fà á wọlé. Ìbòmú tó gbẹ ni kẹ̀yin wọ̀, inú ọ̀rá tómi ò lè wọ̀ ni kẹ́ ẹ máa kó wọn sí. Ẹ má fi sí ẹni tó tutù lẹ́nu, torí ìbòmú tó bá ti rin ò ṣeé mí gbà. Ẹni tí omi gbé tí kò mí mọ́ nílò afẹ́fẹ́: ẹ̀ẹ̀marùn-ún lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà títẹ àyà 30 sí ìmí 2. Ẹ fi báàgì onífílítà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀, ti afẹ́fẹ́ náà sí i nínú, bí ẹni tó kọ́ ọ bá wà nínú ọkọ̀.

Ẹni méjì tó jọ ń gbé ilé kan náà ló dáa jù fún ọkọ̀ agbẹ̀mílà. Bó bá ku ẹnì kan, ẹ ti omi lọ́jọ́ yẹn, torí kò lè máa wa ọkọ̀ kó tún máa fa èèyàn wọlé.