Alágbẹ̀dẹ ìbọn wo ni mo lè gbé Model 70 àtijọ́ fún ní Houston?

Ẹ̀yin ọdẹ ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ìbọn ọdẹ Winchester Model 70 kan wà lọ́wọ́ mi, ti ọta .30-06, lára àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú 1964. Ọ̀pá rẹ̀ ti gbó. Àwọn ìlà inú rẹ̀ tó ń yí ọta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, ọta kò sì ń bà síbi kan náà mọ́. Ṣùgbọ́n ara yòókù ṣì le koko, èékánná ńlá tó ń fa kòròfo ọta jáde kò yẹ̀ rárá. Mi ò lè tà á láéláé.

Mo ń wá ẹni tó mọ irú rẹ̀ dunjú, tí yóò fi ọ̀pá tuntun sí i, tí yóò sì tún ibi tí ìka ń fà ṣe. Wíwọn ibi tí ọta ń jókòó sí ló ká mi lára jù, torí bí àyè ibẹ̀ bá pọ̀ jù, kòròfo lè fàya lójú ẹni. Ṣé irin tí kì í dípẹtà ló yẹ kí n mú nínú ọ̀rinrin Houston? Èló ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín? Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ṣí ọdẹ àgbọ̀nrín ní Texas. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.