Ibi tí ẹ ó ti jáde nínú omi ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú déédéé ìwòyí. Àwa mẹ́fà kan fẹ́ lọ wa kayak, ọkọ̀ ojú omi tóóró tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, lórí odò jẹ́jẹ́ kan tó gba inú ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kọjá. Kò sí ẹni tó wà á rí nínú wa, àwọn méjì kò sì mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ náà háyà, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó yẹ kí n bi wọ́n. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ ètò?

Èsì: Ẹ kú ìmúra, àbúrò mi. Orí ọkọ̀ àti àjẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ó ti jáde kúrò nínú omi ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ibi tí omi bá ń lọ ni yóò máa gbé yín lọ, apá ẹni tí kò wa ọkọ̀ rí kò sì lè ká a láti máa wà á padà sí òkè odò. Ẹ wo máàpù ọgbà náà, ẹ wá ibi tí bèbè odò ti tẹ́jú, kí ẹ sì máa ka kìlómítà láti ibẹ̀ lọ sí òkè odò títí ẹ ó fi rí ibi ìwọlé tó jìnnà tó kìlómítà 6 sí 8. Bí a bá ka ìsinmi mọ́ ọn, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kì í sábà rin ju kìlómítà 3 tàbí 4 lọ láàárín wákàtí kan, nítorí náà èyí ti tó yín.

Ojú mi ti rí i lórí ọ̀rọ̀ ibi ìjáde yìí. A ti gba orí ilẹ̀ lọ wo ibẹ̀ láàárọ̀, a rí pátákó ńlá tí wọ́n kọ orúkọ ibẹ̀ sí, ọkàn wa sì balẹ̀. Àṣé ojú títì ni pátákó náà kọ sí. Ẹ̀yìn rẹ̀ lásán ló kọjú sí odò, a sì ń tàkúrọ̀sọ lọ títí a fi kọjá ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ dé etí omi, mo máa ń so aṣọ pupa mọ́ ẹ̀ka igi, n ó sì tú u nígbà tí a bá dé.

Bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá jẹ́ méjì, ẹ gbé ọ̀kan sí ibi ìjáde ṣáájú, kí ẹ tó wọ èkejì lọ sí ibi ìwọlé. Kọ́kọ́rọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù sínú èyí tó wà lókè. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ń ṣẹlẹ̀.

Ní ti omi fúnra rẹ̀, ìpele 6 ni wọ́n pín ìṣòro odò sí lágbàáyé, láti I dé VI. Ìpele I ni tiyín, níbi tí omi ti ń ṣàn pẹ̀lú ìgbì kéékèèké. Ṣùgbọ́n òjò lè rọ̀ ní òkè odò lọ́hùn-ún kí omi sì kún, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn lọ́dọ̀ yín. Ẹ pe àwọn olùtọ́jú ọgbà ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ bi wọ́n bí omi ṣe ga tó, bóyá igi wó dábùú odò, àti bóyá odi kékeré tí wọ́n fi sé omi wà lójú ọ̀nà. Omi a máa gba àárín ẹ̀ka igi tó wó kọjá, ṣùgbọ́n yóò há ènìyàn àti ọkọ̀ mọ́ ibẹ̀ bí asẹ́ ṣe ń dá èèrí dúró. Ní ti odi, ìlà tó tẹ́jú lásán ni ẹni tó ń bọ̀ láti òkè yóò rí, bẹ́ẹ̀ omi tó ń yí po nísàlẹ̀ rẹ̀ kì í tètè tú ènìyàn sílẹ̀. Ẹ jáde ṣáájú rẹ̀, kí ẹ ru ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá sì rí i pé omi dọ̀tí, tí ó ń gbé igi lọ, ẹ padà sílé.

Ìbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Àwọn méjì tí kò mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ńkọ́?

Èsì: Ẹ gba kayak tí wọ́n ń jókòó lé lórí fún wọn, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ki ẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀. Gbogbo yín ni ẹ ó wọ ẹ̀wù amúniléfòó, kí ẹ sì di okùn rẹ̀. Ẹ di èjìká ẹ̀wù náà mú kí ẹ fà á sókè: bí ó bá dé etí ẹni tó wọ̀ ọ́, ó ti tóbi jù tàbí ẹ kò di okùn rẹ̀ le tó. Bí omi bá tutù ṣe ni kí ẹ múra, ẹ má wo ti oòrùn, nítorí omi tí kò tó 15°C lè gba èémí lẹ́nu ènìyàn ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ṣubú sínú omi tó ń ṣàn kò gbọdọ̀ gbìyànjú láti dìde dúró, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa há sáàárín òkúta. Kí ó fi ẹ̀yìn dùbúlẹ̀ lójú omi, kí ó na ẹsẹ̀ síwájú sí ìsàlẹ̀ odò, kí ó sì máa fi ọwọ́ wa ara rẹ̀ lọ sí etí bèbè.

Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ mú àwọn méjèèjì lọ sí ibi tí omi ti dúró tí kò sì jìn, kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dojú ọkọ̀ dé níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀wù náà lọ́rùn wọn. Bí ẹ̀rù bá ṣì ń ba ẹnì kan lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má fipá mú un. Ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àti aṣọ pupa, kí ó lọ dúró dè yín níbi ìjáde.