Kí ni kí n ṣe tí àlùbọ́sà bọ́gà El Reno ò fi ní jóná?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ bọ́gà alálùbọ́sà El Reno, ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. Ẹran màlúù lílọ̀ gíráàmù 80 ni mò ń lò, ọ̀rá inú rẹ̀ tó ìdá 20 nínú 100. Màá gbé e ka irin gbígbóná tí mo fi ń dín ẹran, màá kó àlùbọ́sà tí mo rẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e lórí, màá tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, màá wá yí i kí àlùbọ́sà bọ́ sísàlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Bí iná bá le, etí àlùbọ́sà á dúdú, á korò, àárín rẹ̀ ò sì tíì jinná. Bí mo bá dín iná kù, omi rẹ̀ á jáde, ẹran á máa bọ̀ nínú omi náà dípò kó máa dín.

Mo fi iyọ̀ sí àlùbọ́sà, mo fún omi rẹ̀ dànù: omi dín kù lóòótọ́, àmọ́ ó tún yára jóná. Ṣé ẹ̀yìn tí a bá yí i ló yẹ ká dín iná kù ni, àbí irin tó nípọn ju báyìí lọ ni mo nílò? Búrẹ́dì tí wọ́n ń dé lé e lórí kí oru lè mú un rọ̀ ńkọ́, ìgbà wo ló yẹ kó gorí rẹ̀? Ẹ má ṣáà sọ pé kí n dín àlùbọ́sà kù o. Òun gan-an ni bọ́gà náà.